Ẹ Rán Ayàwòrán Yín Padà sí Ẹlẹ́yẹlé Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwòrán kan tí ẹ gbé jáde ní oṣù kẹfà tó kọjá ló mú mi kọ ìwé yìí. Nínú àwòrán náà, àwọn ènìyàn bí ogún tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan náà dúró yí ọmọ igi kan ká létí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ọ̀gá kan tó wọ agbádá di ọkọ́ mú, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé igbó ọba tí wọ́n ti gé tán ti ń padà bọ̀ sípò. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni bàbá arúgbó tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání lápá òsì, tí ẹ gé ìdajì ojú rẹ̀ dànù.

N kò kọ̀wé láti bínú nítorí ojú tí ẹ gé. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán yẹn ti yá jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igbó náà ń padà bọ̀ lóòótọ́, oṣù kẹta ọdún ni kí ẹ rán ayàwòrán yín wá, nígbà tí ilẹ̀ bá ti là, tí ọyẹ́ ti fẹ́ kọjá, tí òjò kò sì tíì dé.

Fún àǹfààní àwọn òǹkàwé tí kì í ṣe ará Ìbàdàn, ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Igbó tó yí adágún náà ká kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí igi bò, ewé ló kọ́kọ́ ń gbà á, ewé gbígbẹ àti koríko tó wà nílẹ̀ a sì mú kí omi náà rọra máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òjò kan náà bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní aṣọ lára, ìṣàn ni yóò dì, yóò sì kó erùpẹ̀ lọ sínú adágún. Erùpẹ̀ tó bá ti débẹ̀ kò ní jáde mọ́ àfi kí a náwó kó o. Ẹni tó bá ń gé igi létí Ẹlẹ́yẹlé, inú àmù omi ìlú ló ń bu yẹ̀pẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí àdúgbò yìí láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, igi tíìkì ṣì pọ̀ létí omi débi pé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti máa ń ṣú lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wá igi ìdáná, ẹnì kan wá òpó tí yóò fi gbé òrùlé dúró, ẹnì kan sun èédú tà, ẹnì kan sì wá pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti rí i, ó kọ́lé. N kò lè tọ́ka sí ọjọ́ kan pàtó pé ọjọ́ yìí ni igbó náà kú. Ńṣe ló ń tín-ín-rín bí ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọṣọ.

Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí òjò alẹ́ ọjọ́ kan gbé afárá àti ilé lọ káàkiri Ìbàdàn, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ rántí ti Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí a fi ń pe òjò náà ní Omíyalé títí dòní. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó àwìn láti fi dojú kọ ọ̀rọ̀ àgbàrá ní ìlú wa. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àìsí igi nìkan ló fa àwọn ìjàǹbá wọ̀nyí. A kọ́lé sójú ọ̀nà omi, a sì sọ odò di ààtàn. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń yáwó láti fi kojú omi, tó sì ń jẹ́ kí igbó tó ń dín omi kù parẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Orúkọ ìlú wa gan-an ń jẹ́rìí sí i. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó pè é, nítorí pé ibẹ̀ ni igbó ti ń fi ọwọ́ kan ọ̀dàn. A sì tún fi igi sọ àwọn àdúgbò lórúkọ: Ìdí-Arère, Ìdí-Iṣin, Ìdí-Osè, títí dé Ìdí-Ayùnrẹ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà náà pé ta ló ti fojú kan igi arère rí nínú wọn. Àwọn tó ń gbé Ìdí-Arère gan-an kì í nawọ́. Ọmọdé tí kò mọ igi tí a fi sọ àdúgbò rẹ̀ lórúkọ kò lè mọ̀ pé ohun kan ti sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí. Ti oṣù kẹfà yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo bá wọn gbin igi létí adágún náà. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà la kó ara wa jọ, a gbẹ́ kòtò, a gbin igi, a jẹ ìrẹsì inú ike, a ya fọ́tò, a sì túká kí oòrùn tó mú. Ìlà kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, igi mẹ́rìndínlógún. Mo mọ iye wọn dájú nítorí pé mo so ọ̀já pupa mọ́ igi pẹlẹbẹ tí mo rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ti máa ń ṣe nínú oko ilé ẹ̀kọ́. N kò padà débẹ̀ títí Ọdún Kérésì fi kọjá. Ìtìjú ń bá mi láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ti rí nìyẹn. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù kẹta, ọ̀já pupa mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀, igi mẹ́ta ló wà láàyè.

Mo tẹ̀ ẹ́ lé ẹsẹ̀, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ ti jẹ mélòó kan dé ìdí. Iná tí àwọn ọdẹ òkété dá ti gba orí àwọn kan kọjá. Ewé tí a ń pè ní Akíntọ́lá (àwọn mìíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀, ó kù sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí bàbá wọn ṣe) ti bo púpọ̀ mọ́lẹ̀ débi pé àfi ìgbà tí mo fi àdá ṣán an kúrò ni mo tó rí òkú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni àwọn méjì tí mo fà tu, tí mo bá ọ̀rá dúdú tí a fi gbé wọn wá lára wọn síbẹ̀. Ẹni tó gbìn wọ́n kò bọ́ ọ̀rá náà. Gbòǹgbò wọn ti yí ká nínú rẹ̀ bí okùn inú garawa, kò rí ilẹ̀ wọ̀, ó kú sínú aṣọ ìgbà ọmọdé rẹ̀. Orí ìlà tèmi ni wọ́n sì wà. Bóyá èmi ni, bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi gbé wọn ni, n kò lè sọ, a kò sáà wo ara wa níṣẹ́. Kámẹ́rà là ń wò.

Mẹ́ta tó yè yẹn wà níwájú ara wọn, lápá ibi tí ìlà náà ti ń sún mọ́ omi. Obìnrin kan ní ebè ewédú àti tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, òun ló sì dá mi lóhùn kí n tó béèrè. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Tíṣà. Ẹ bímọ, ẹ ò padà wá wò ó. Èmi ni mò ń fún un lómi, torí mo ń fún ẹ̀fọ́ mi lómi. Bí mo bá ro ìdí ẹ̀fọ́, ṣé mo máa wá yọ tiyín sílẹ̀ ni?" Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Mo dúró níbẹ̀, n kò rí èsì fún un ju ẹ ṣeun lọ.

Ohun tí ó wá jẹ́ àdììtú fún mi ni pé àwọn kan tó ń pe ara wọn ní aláṣẹ ti sọ fún obìnrin yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ó kó ebè rẹ̀ kúrò nítorí pé ó ń ba igbó ọba jẹ́. Òun nìkan ló tọ́jú igbó ọba ní gbogbo ìlà yẹn.

Olóòtú, èyí kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn tó mọ iṣẹ́ igbó. Láti ilẹ̀ Burma ni àwọn òyìnbó ti kọ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní taungya, tí wọ́n sì mú un wá sí àwọn igbó ọba ní ilẹ̀ wa: a ó fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ọmọ igi sí, yóò máa gbin àgbàdo, iṣu tàbí ẹ̀fọ́ sáàárín wọn fún ọdún méjì sí mẹ́ta, bó bá sì ti ń ro oko tirẹ̀ ló ń ro ìdí igi. Nígbà tí igi bá ti ga tó láti ṣíji bo ilẹ̀, oúnjẹ kò ní hù dáadáa níbẹ̀ mọ́, àgbẹ̀ a sì kúrò lọ síbòmíràn. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń dọ́gbọ́n pa ọmọ igi kí oòrùn má baà tán lórí oko wọn, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n ń fi ilẹ̀ náà gba rìbá. Síbẹ̀, nínú ohun tí mo rí létí Ẹlẹ́yẹlé, àbùkù rẹ̀ ṣì kéré sí ti àwa tí a wá fún wákàtí mẹ́ta.

Ẹ tún wo ohun tí Wangari Maathai ṣe ní ilẹ̀ Kenya. Lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ agbingi tí wọ́n ń pè ní Green Belt ní ọdún 1977, àwọn obìnrin abúlé ló máa ń hu ọmọ igi fún un, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń rí gbà, kò ju kọ́bọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n igi tó bá yè nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbìn tó kú, ti ẹni tó gbìn ín ni. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó dojú kọ àwọn alágbára nígbà tí wọ́n fẹ́ pín igbó Karura tó wà láàárín ìlú Nairobi, tí wọ́n sì lù ú lálùbami ní oṣù kìíní ọdún 1999 nítorí pé ó fẹ́ gbin igi síbẹ̀. Igbó Karura ṣì wà lónìí, ó tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Ìgboyà yẹn tóbi lójú mi, ṣùgbọ́n bí a bá bi èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọgbọ́n owó kékeré yẹn ni mo fẹ́ kí a jí kọ́. Ẹni tí a bá ń sanwó fún, tàbí tí a bá ń yìn, nítorí iye tí ó gbìn, gbígbìn ni yóò máa gbìn. Kí ni yóò máa wá padà wá wò?

Ọ̀rọ̀ irú igi tí à ń gbìn náà ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n já ẹrù inú ọkọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, tíìkì àti melína ló pọ̀ jù níbẹ̀. Igi òwò ni tíìkì, láti Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá, n kò sì bínú sí ẹni tó gbìn ín sí oko rẹ̀ láti fi ta òpó iná. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ fẹ̀, omi òjò máa ń kó ara jọ lórí rẹ̀ kí ó tó já sílẹ̀ ní ẹ̀kán ńláńlá, bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá sì ṣófo, ńṣe ni ẹ̀kán náà ń gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀, ewé náà a di ohun ìdáná fún ẹni tó bá ṣánà sí i. Etí omi kọ́ ni irú rẹ̀ yẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń pariwo pé ìrókò àti ọ̀gànwó ni ká gbìn, nítorí pé igi baba wa ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí a bá gbin ìrókò nìkan lọ bẹẹrẹ sójú oòrùn, kòkòrò kékeré kan yóò mú kí ewé rẹ̀ wú kókó, kókó náà a jẹrà, orí ọmọ igi a sì kú. Ọ̀gànwó ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń gbẹ́ inú ọ̀mùnú rẹ̀, tí igi náà kò fi ní lè gòkè tààrà. Nínú igbó, wọn kì í dá wà. Àwọn igi mìíràn ló máa ń fi wọ́n pamọ́. Nítorí náà, àwọn igi tó ń yára dàgbà tí wọ́n sì fẹ́ oòrùn, bí ayùnrẹ́ àti ìdígbò, ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí a wá fi ìrókò àti ọ̀gànwó sí abẹ́ ìji wọn díẹ̀díẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí a wá olùkọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí jìnnà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí nípa igbó, tó ti wà láti ọdún 1954, Jẹ́ríkò níbí ló fìdí sọlẹ̀ sí, àdúgbò kan náà la jọ wà pẹ̀lú wọn.

Apá kan sì wà tí kì í wu àwa tó fẹ́ràn ọkọ́ láti gbọ́: ilẹ̀ mélòó kan wà tí kò nílò kí a gbin ohunkóhun. Ní IITA, ilé iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, nǹkan bí 350 hẹ́kítà nínú 1,000 tí wọ́n ní ló jẹ́ igbó lónìí. Oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1967. Wọ́n mọ ọgbà yí i ká, wọn kò jẹ́ kí iná wọ̀ ọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Kùkùté ń rúwé, àdán ń gbé hóró ìrókò wá, ẹyẹ ń ya èyí tó jẹ níbòmíràn sílẹ̀, igbó sì dé fúnra rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan tí orúkọ Ìbàdàn wà nínú orúkọ rẹ̀ ní èdè òyìnbó, tí kò sí níbikíbi láyé àfi ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí, ń gbé nínú igbó náà. Ọgbà ni IITA fi ṣọ́ tirẹ̀. Létí Ẹlẹ́yẹlé, kò sí ọgbà tí a lè mọ tí àwọn èèyàn kò ní gbé irin rẹ̀ tà ní kìló. Ènìyàn ni a ní. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá gé ọ̀nà iná, ìyẹn ilẹ̀ tí a ro mọ́ kí iná má baà rí ibi gbà kọjá, yí ìdajì hẹ́kítà ká ní oṣù kejìlá, wọn yóò ti gba igi là ju èyí tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn gbìn ní oṣù kẹfà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀wù tuntun tí a ń wọ̀ lọ sí ibi tí a ti ń gé ọ̀nà iná.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣètò ti oṣù kẹfà, wọ́n sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn kò gba owó oṣù níbì kankan fún un, owó ọkọ̀ láti Bódìjà tàbí Chállẹ́ńjì dé Ẹlẹ́yẹlé ti gbówó lórí, àwọn onígbọ̀wọ́ kò sì ní fi owó sílẹ̀ bí kò bá sí ọjọ́ ayẹyẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ní ìlú Rio de Janeiro, ní Bùràsíìlì, tí wọ́n ti gé igbó orí òkè Tijuca tán láti fi gbin kọfí títí omi ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ọdún 1861 ni ìjọba ọba wọn fa iṣẹ́ àtúngbìn rẹ̀ lé Manuel Archer lọ́wọ́, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ kòtò fún un, ẹrú ni wọ́n, ènìyàn dúdú ni wọ́n, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó wù wọ́n. Igbó náà wà títí dòní ní àárín ìlú ńlá yẹn. Àwa tí kò sẹ́ni tó fi pàṣán lé wa wá, ọdún mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ohun tí mo sì ń bẹ̀ wọ́n fún kò pọ̀. Kí wọ́n gbin ìwọ̀nba tí wọ́n lè bomi rin. Kí wọ́n má ṣe fi igi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tí wọn kò bá tíì kọ́ ọ bí a ti ń bọ́ ọ̀rá. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí àwọn tó ni ìlà sì pín ara wọn sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta, kí owó ọkọ̀ má baà wọ ẹnì kan lọ́rùn. Owó tí wọn ìbá fi rán ẹ̀wù, kí wọ́n pín in fún àwọn obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí omi, igi tó yè ni kí wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀. Ní ti àwọn tí ìṣàkóso igbó ọba wà lọ́wọ́ wọn, mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn obìnrin náà ní ìwé àṣẹ ọdún mẹ́ta tó sọ ibi tí ebè wọn yóò dé àti ọjọ́ tí yóò kúrò, kí ó má baà di ohun tí ọmọ onílẹ̀ kan yóò jí dìde wá jẹ.

Ní ti ẹ̀yin, Olóòtú, ìlà mi ti ọdún yìí jẹ́ igi mẹ́jọ péré, mo sì ti sún un mọ́ ebè ewédú náà. Mo ti bọ́ ọ̀rá gbogbo wọn, ó kù sínú àpò mi bí ẹ bá fẹ́ kà á. Ẹ rán ayàwòrán yín wá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń débẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́wédú a sì ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ jọ̀wọ́, bó bá ń yàwòrán, kí ó jẹ́ kí ojú ìyá náà hàn dáadáa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.